Ọdún Méjì Tí Bàbá Kò Fi Wálé

Narayi, Kàdúná

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ewúrẹ́ tí Bàbá fi sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Mo kí Bọ̀dá Túndé àti ìyàwó wọn, mo kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Kàbà, tọmọdé tàgbà. Tí ẹ bá ń béèrè wa, ara wa le. Bàbá ti jẹun kí n tó mú bírò. Wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, níbi tí atẹ́gùn díẹ̀ ti ń gbà wọlé, wọ́n sì mọ ohun tí mò ń kọ.

Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu pé inú ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn ará ilé wa ń tẹ̀ jáde ni ẹ ti máa ka lẹ́tà yìí, dípò kí n pè yín lórí fóònù. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, gbangba ni wọ́n ti sọ irọ́ rẹ̀ nígbà kan, nínú ìpàdé, lẹ́yìn ìsìn, lójú ọ̀nà oko, tí ẹ̀yin sì ń gbọ́. Bàbá fi ọjọ́ méjì rò ó kí wọ́n tó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá ti jókòó láàárín agbo, kò yẹ kí òtítọ́ máa yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ojú tó gbé wọn wá. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ó ní ojú òsì ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ti ọ̀tún ṣì ń ríran díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú gba ihò ilẹ̀kùn. Oògùn kan wà tí wọn yóò máa kán sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí èyí tó kù má baà lọ. Mo rò pé Bàbá máa sunkún, wọn kò sunkún. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá èyí tó kù yẹn tó fi rìn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ó tó, tí ẹnì kan bá di ọwọ́ wọn mú. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ kẹjọ, kí òun lè mọ̀ bóyá oògùn náà bá wọn lára mu. Nígbà tí a jáde síta, Bàbá ní kí n mú àwọn káàkiri Kàdúná láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí àwọn tún rí i kí ilẹ̀ ojú tó ṣú pátápátá.

Ìyá mi, ooru ìlú yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń pè ní ooru nílé. Òjò àkọ́rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kò sì dé. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀, á wúwo bí aṣọ tútù tí wọn kò fún, síbẹ̀ ẹ̀kán omi kan kò ní já bọ́. Òógùn ni ènìyàn ń wọ̀ bí ẹ̀wù. Àwa tí a kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, a máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá kí a tó sùn, kí ó tó di ọ̀gànjọ́ ilẹ̀ náà á ti gbẹ.

Àyẹ̀wò àti oògùn ti gbé gbogbo owó tí mo tọ́jú lọ, ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì wà ní ìsinmi Àjíǹde, owó oṣù kò tíì jáde. Mo sọ fún Bàbá pé a kò lè máa wọkọ̀ kiri ìlú. Wọ́n bi mí pé ṣé mo rò pé ọkọ̀ ni àwọn fi mọ Kàdúná ni. Ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ, n kò fi ọkàn sí i. A wá ṣe é báyìí pé lójoojúmọ́, kí oòrùn tó mú, a ó wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ sí ibi tó jìnnà jù, a ó sì máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti abẹ́ igi dógóńyárò kan dé abẹ́ òmíràn. Mo ń rọ omi sínú ike méjì láti ilé. Máńgòrò ni oúnjẹ wa lọ́nà, torí àsìkò rẹ̀ nìyí, ó sì pọ̀ débi pé ẹni tó ń tà á kì í ka èènì mọ́, yóò kàn máa dà á sínú ọ̀rá ni.

Inú mi dùn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, n kò ní purọ́. Ọdún kẹta mi nìyí níbí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mò ń kọ́ gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n tí mo bá fi bá wọn sọ̀rọ̀, Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Àyàfi ọjọ́ Àìkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí Bàbá dé, tí wọ́n dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n pe Fọlákẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè.

Ọjọ́ kìíní, a sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá afárá odò Kàdúná, Bàbá sì ní a ó fẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Omi ti fà, àpáta yọ síta, àwọn ènìyàn gbin ẹ̀fọ́ sí etí odò. Mo ń sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo ní àwọn ọkùnrin kan ń wa yanrìn, wọ́n ní apá òsì ni, àbí? Apá òsì ni lóòótọ́. Wọ́n dúró láàárín afárá, wọ́n gbé ojú ọ̀tún sókè bí ẹyẹ tó ń mu omi, wọ́n ní àwọn rí i bó ṣe ń dán. N kò mọ̀ bóyá wọ́n rí i.

Láti ibẹ̀, ẹ̀yin Ìyá mi, mo jẹ́wọ́ ohun kan. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ darí wọn gba Kinkinau. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Kinkinau ni àwọn ènìyàn ní Bàbá fẹ́ ìyàwó kejì sí, wọ́n tiẹ̀ ní obìnrin náà bí ọmọkùnrin kan fún wọn. Mo fẹ́ wo bí ẹsẹ̀ wọn yóò ṣe rìn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn rìn bí ẹsẹ̀ àlejò. Wọ́n di ọwọ́ mi mú le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń kọsẹ̀, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé àdúgbò wo nìyí. Nígbà tí mo ní Kinkinau ni, wọ́n ní áà, àwọn kò wọ ibí rí, ẹnì kan níléeṣẹ́ àwọn ló ń gbé ibẹ̀. Ojú tì mí. Mo ra kùnú tútù kan, a jọ mu ún, n kò lè wo ojú wọn.

Kí àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí lè mọ ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí. Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri kí wọ́n tó bí èmi. Ìdí ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ ni wọ́n wà. Nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, wọ́n á dé sí Kàbà pẹ̀lú àpò tó kún fún àjákù aṣọ, àpò náà á máa rùn bí òwú tuntun. Èmi àti Bọ́sẹ̀ á ki orí wa bọ inú rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ti wà létí wọn débi pé ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nílé, Bàbá á máa pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni òdìkejì odò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á sì máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní kí wọ́n rọra, pé ọ̀rọ̀ yín kò kan aládùúgbò. Lọ́jọ́ kẹta ni ohùn wọn á tó wálẹ̀. Nígbà yẹn, gbogbo ilé á tún rò pé wọn kò lọ rárá.

Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ yẹn kógbá sílé. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Kérésìmesì dé, Bàbá kò dé. Èyí tó tẹ̀lé e náà dé, Bàbá kò dé. Owó ilé-ìwé wa ń wá láti ọwọ́ àwọn awakọ̀, láìsí lẹ́tà, láìsí iṣẹ́ kankan tí wọ́n fi rán wọn sí yín. Ẹ máa ń gba owó náà bí ẹni gba ẹyin iná. Nígbà tí Bàbá wá padà dé, wọ́n gbẹ, wọ́n ń tiro, wọn kò sì ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ gbà wọ́n sílé. Ẹ ń sè, ẹ ń fọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò tún rí i kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó ti ara yín kí ẹ máa rẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́. Èmi àti Bọ́sẹ̀ ni ẹ ń fi ọ̀rọ̀ rán sí wọn, nígbà tí ìyàrá tiwọn kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún sí tiyín.

Ọjọ́ kejì ìrìn wa, a lọ sí Kakuri. Géètì náà wà ní títì, koríko ti ga nínú ọgbà. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin géètì, ó ti gbóná, wọn kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n dẹ etí. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ń dun àwọn létí ju ariwo tí àwọn fi sílẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ní ìgboyà. Mo bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ti géètì yìí, níbo ni wọ́n lọ. Awẹ́ máńgòrò tí mo gé fún wọn wà lọ́wọ́ wọn títí eṣinṣin fi bò ó. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé, ká wọ ọkọ̀ lọ sí Kawo.

Kawo wà ní ìparí ìlú lápá òkè, ọkọ̀ ibẹ̀ sì kún débi pé ara wa lẹ̀ mọ́ ara àwọn tí a kò mọ̀ rí. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Bàbá ní Hayin Banki là ń lọ, àdúgbò kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Mo ní kí n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan. Wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé àwọn.

Ìyá mi, Bàbá tí ń wá ife omi kiri nínú yàrá mi ló ṣáájú mi wọ àwọn òpópó tóóró yẹn. Wọ́n ní, gọ́tà wà níwájú, gbé ẹsẹ̀. Gọ́tà wà níbẹ̀. Wọ́n ní a ó kan kànga kan lábẹ́ igi. A kan án, wọ́n ti fi kọnkéré bo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń ka ìyànà lábẹ́ ètè wọn, wọn kò sì ṣì í. Ọ̀nà náà wá gun òkè díẹ̀. Lórí òkè yẹn, wọ́n fi ọwọ́ pa ògiri ilé kan títí ọwọ́ fi kan ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ibí ni. Wọ́n kí ará ilé ní Hausa.

Ìyá àgbàlagbà kan jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Hájíà Ràbí ni orúkọ wọn. Hájíà wo Bàbá, wọ́n wò mí, wọ́n béèrè ẹni tí à ń wá. Bàbá ní àwọn ni Yorùbá tó máa ń gbé omi wá. Hájíà jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní Ikon Allah, pé agbára Ọlọ́run nìyí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn ará ilé tẹ́ ẹní fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbáwọlé, kí wọ́n sì bu omi tútù wá.

Hausa mi kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n Hájíà ń rọra sọ ọ́, ó sì yé mi. Bàbá fẹ́ gbà á lẹ́nu wọn, Hájíà ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ gbọ́.

Ìyá mi, mérúwà ni Bàbá ṣe fún ọdún méjì yẹn. Wọ́n ń ti omi tà. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kakuri ló mú wọn wá sọ́dọ̀ ọkọ Hájíà, bíríkìlà ni ọkọ náà, ó ti dolóògbé. Ó fún Bàbá ní àyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a jókòó sí yẹn, wọ́n jọ ń sùn síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mérúwà méjì mìíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bàbá á ti wà nídìí kànga, wọ́n á to kẹ́ẹ̀gì omi kún inú ọmọlanke, wọ́n á sì máa tì í láti ojúlé dé ojúlé nínú ooru yìí. Hájíà ní àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, torí wọn kò rí Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Hayin Banki ni wọ́n fara pa mọ́ sí nítorí pé kò sí ará Kàbà kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí ọkùnrin kan láti ilé wa ní gáréèjì Kawo, wọ́n fi ọmọlanke àti omi inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n sì sá lọ. Hájíà ní àìmọye ìgbà ni àwọn sọ fún Bàbá pé kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá á ní àwọn máa lọ, tí àwọn bá ti rí iṣẹ́ tí àwọn lè dárúkọ lójú ọmọ. Ìgbà òjò ni ọmọlanke yí lulẹ̀, ó tẹ orúnkún wọn. Ọkọ Hájíà ló sanwó ọkọ̀ tó gbé wọn wá bá wa.

Hájíà wá bi mí pé Fọlákẹ́ ni mí ni, tàbí Bọ́sẹ̀. Ohùn Hausa ni wọ́n fi pè é, síbẹ̀ orúkọ wa ni. Wọ́n ní gbogbo ilé náà mọ̀ wá nígbà yẹn. Wọ́n tún bi mí pé, Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà láyé.

Mo ní ẹ wà láyé. Oríkì tí Bàbá nìkan ń pè yín, tí mo ti gbàgbé pé mo gbọ́ rí, ni mo tún gbọ́ lẹ́nu ìyá Hausa kan ní Hayin Banki.

Hájíà nawọ́ sí òkè tí a gùn wá. Wọ́n ní ibẹ̀ yẹn ni ọmọlanke máa ń kọ̀. Bí ó bá ti kọ̀, Bàbá á fi àyà tì í, wọ́n á ké Àbẹ̀kẹ́, á sì gùn ún. Àwọn mérúwà méjì yòókù gbọ́ ọ títí, wọ́n rò pé ohun tí Yorùbá ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá ń ti nǹkan tó wúwo. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Lẹ́yìn tí Bàbá ti lọ, àwọn mérúwà tuntun tí kò mọ̀ wọ́n rí ń kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ti àtijọ́. Hájíà ní títí ẹ̀rọ omi fi dé àdúgbò náà, tí kò sí ẹni tó ń ra omi mọ́, kò sí ẹni tó gun òkè yẹn láì ké Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Bàbá dorí kodò, wọ́n ń fi ìka ya ilẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, a dúró lábẹ́ igi kan, mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn kò sọ èyí fún yín. Wọ́n ní àwọn gbìyànjú lálẹ́ tí àwọn kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n ẹ ti kọ ẹ̀yìn sí àwọn, ẹ ń sunkún, ìtìjú sì mú àwọn lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti le ju ti àná lọ. Ọdọọdún ló ń le sí i. Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀. Mo ní wọ́n jẹ́ kí ẹ máa ru ẹrù obìnrin tí kò sí láyé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní obìnrin kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Nítorí náà, Ìyá mi, n kò kọ̀wé láti ní kí ẹ gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ọdún wọ̀nyẹn ṣe gùn tó. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí ní Kàbà, tí ẹ mọ orúkọ obìnrin Kinkinau, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó sinmi.

A ti padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní oògùn náà bá wọn lára mu. Lẹ́yìn tí ìwé yìí bá jáde ni a ó tó wọkọ̀ bọ̀, Bàbá ní kí ẹ ti kà á kí àwọn tó dé. Mo ti ní kí Bọ̀dá Túndé wá pàdé wa ní gáréèjì kí ó di wọ́n lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n báyìí tí mò ń parí lẹ́tà, Bàbá ní kí n yí i padà. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Túndé dúró sílé. Wọ́n ní tí ó bá wù yín, ẹ̀yin ni kí ẹ wá, kí ẹ má sì pe àwọn nígbà tí ẹ bá rí àwọn, kí ẹ kàn dúró sí ọwọ́ ọ̀tún àwọn, níbi tí ojú tó kù wà. Wọ́n ní àwọn máa mọ̀ yín.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún yín ní ọjọ́ ogbó tó tutù ju ìlú yìí lọ. Kí ó má jẹ́ kí ohun tó tọ́ yín kọjá yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ìdílé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí ẹni tó bá bá yín ka lẹ́tà yìí, kí ó rọra kà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́